Abọ́ Uwais

Ẹ béèrè tíṣà tó mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ ní Otokiti, Nímátù ni wọ́n máa júwe fún yín. Ọmọ àwọn ará Ìlọrin tó ti pẹ́ ní Kpata ni. Kì í pariwo, bẹ́ẹ̀ ọmọ kan ò jẹ́ tòògbé ní kíláàsì rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, Uwais, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ lódìkejì odò. Ọkọ̀ dojú dé. Àwọn apẹja wá a títí, wọn ò rí i. Sàláhúdéènì, ọkọ Nímátù, ní kí Áfáà kírun sí ọmọ náà lára bí kò tilẹ̀ sí òkú, kí wọ́n sì ṣe fìdáù. Nímátù kọ̀ jálẹ̀.

"Ẹ ò rí òkú, ẹ fẹ́ kírun. Ta lẹ fẹ́ kírun sí lára?"

Láti ìgbà náà, bó bá se oúnjẹ alẹ́, á bu ti Uwais, á dé e. Tó bá di àárọ̀, á dà á nù, á fọ abọ́. Bàbá ọmọ ò wá lè ṣọ̀fọ̀ nínú ilé ara rẹ̀. Haba, ìyà kì í ṣe kékeré.

Lọ́jọ́ Ajé yìí, ẹ̀kọ́ dé orí bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń sọ ohun tó wù wá àmọ́ tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín ni Nímátù máa ń fi í ṣe tẹ́lẹ̀: ká ní ewúrẹ́ ni mí, ká ní èmi ni gómìnà.

"'Was' lẹ mọ̀ mọ́ èèyàn kan," ó ní. "Níbí, 'were' là ń lò, torí a mọ̀ pé nǹkan ọ̀hún ò sí. Ó yá, ẹ sọ tiyín."

Goodness, ọmọbìnrin Òwórò kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀, dìde. "I wish my mother were here."

"Níbo ni ìyá ẹ wà?"

"Wọ́n ti kú, mà. Èmi ni mo kọ́kọ́ da iyẹ̀pẹ̀ sí wọn." Ó wo pátákó. "Ṣé gbólóhùn mi tọ̀nà, mà?"

"Ó tọ̀nà," ni Nímátù wí, ó sì kọjú sí pátákó kí àwọn ọmọ má bàa rí ojú rẹ̀. Ó ti rò pé ọjọ́ tí wọ́n bá kírun sí Uwais lára, òun ò ní lè fẹ́ kó wà mọ́. Ọmọ yìí sin ìyá rẹ̀, ó ṣì ń fẹ́ kó wà síbẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ó gbé oúnjẹ kalẹ̀. Sàláhúdéènì ò fọwọ́ kàn án. Ó ń wo ibi tí abọ́ Uwais máa ń wà.

"Ìyá Uwais, tiẹ̀ ńkọ́?"

"Bàbá Uwais, ẹ bá mi pe Áfáà," ni Nímátù wí. "Ẹ ní kó wá kírun sí ọmọ wa lára."

Ọkùnrin náà ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fọwọ́ bojú, ó sunkún ọmọ rẹ̀.