Orúkọ Tó Wà Nídìí Ààrò Ossenpohl

Adágún kan wà lẹ́yìn ilé àwọn Ossenpohl tí àwọn màlúù ti máa ń mumi. Ibẹ̀ ni orúkọ náà, Ossenpohl, ti wá. Lápá ọ̀dọ̀ wa ní àríwá Jámánì, oko ló ni orúkọ. Ọkùnrin tó bá fẹ́ ọmọ olóko, tó sì fẹ́ máa gbé níbẹ̀, wọ́n á mú un yí ààrò ilé náà ká, orúkọ oko náà ni yóò máa jẹ́, orúkọ bàbá rẹ̀ á sì parí síbẹ̀.

Aleke nìkan ni Gerd Ossenpohl bí. Aládùúgbò wọn ni mí, ìṣojú mi ló dàgbà: ọmọbìnrin tó lè fọwọ́ kan di akọ màlúù mú, àmọ́ tí ọ̀rọ̀ kì í jáde lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó wá rí Harm Brüning, ojú rẹ̀ ló bá a sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Bí Harm bá kọ̀ láti yí ààrò, orúkọ Ossenpohl á bá Aleke wọ sàréè nìyẹn.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Gerd tí àìsàn ti hàn léèmọ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Harm ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́sẹ̀ ni Tönnies, bàbá rẹ̀, já wọlé.

"Harm! Bí o bá yí iná yẹn pẹ́nrẹ́n, má wá síbi ìsìnkú mi!"

Ẹsẹ̀ ọmọ náà dúró. Aleke di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Tönnies, ẹni bíni là á jọ," ni Gerd wí. "Ìwọ tí o yí ààrò àwọn Brüning, tí ò ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí owó he, ìwọ lò ń pariwo?"

"Èmi náà ni! O rò pé mo ti gbàgbé ni? Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà, kò lè sọ̀rọ̀. Èmi nìkan ló bí. Látìgbà tó ti kú, kò sẹ́ni tó pe orúkọ rẹ̀, Bakenhus, mọ́ lábúlé yìí. Ohun tí mo ṣe fún un ni Harm fẹ́ ṣe fún mi yìí!"

Ó pẹ́ tí inú ti ń bí mi sí alágídí yìí, àmọ́ àánú rẹ̀ ṣe mí lọ́jọ́ náà.

Harm wo bàbá rẹ̀, ó wo Aleke. Omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì yí iná náà ká. Tönnies kẹ̀yìn sí wọn, ó ń lọ.

Aleke sáré gba iwájú rẹ̀, ó gba fìlà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá Bakenhus, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ. Ọbẹ̀ ti jinná. Ẹ wá jókòó."

Àgbàlagbà náà di ilẹ̀kùn mú.

"Tún un pè," ló wí.