Bàbá Jethro Tẹ́ Ẹní Sẹ́nu Ọ̀nà Ọ̀gá

Kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká, l'Ákùúrẹ́, tí kò gbọ́ nípa ọjọ́ tí olóògbé Bàbá Jethro Kìtán, bíríkìlà láti Oǹdó, ká ẹní mọ́ abíyá wọ sẹkitéríàtì. Ẹnu ọ̀nà Ọ̀gá Bọ́láwálé gan-an ló tẹ́ ẹ sí. Ó bọ́ bàtà, ó dojú bolẹ̀, ó nà gbalaja. Fẹ̀yìntọlá ọmọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá náà, wá ibi tó máa sá wọ̀, kò rí.

Ọ̀gá ṣílẹ̀kùn, ó bá arúgbó tó lè bí i lọ́mọ nílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Yéè! Bàbá, ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún mi o! Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ni?"

Kó tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, òun náà ti dọ̀bálẹ̀, tòun ti kóòtù àti táì. Ọ̀gá wà nílẹ̀, ta ni yóò dúró? Akọ̀wé dọ̀bálẹ̀, awakọ̀ dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀, mẹ́sẹ́ńjà tó gbé tíì bọ̀ dọ̀bálẹ̀ tòun ti tíì. Bàbá Jethro la ojú kan, ó wò wọ́n yíká.

"Ẹ káre. Báyìí ló yẹ kí ẹ máa sinmi lójoojúmọ́." Ó tún pa ojú náà dé.

"Bàbá, kí lẹ wá bẹ̀ mí sí?" Ilẹ̀ ni ọ̀gá ti béèrè.

"Bẹ̀ ọ́ kẹ̀? Oorun ni mò ń sùn. Ọmọ mi ni mo wá mú. Orí ń fọ́ ọ, àyà rẹ̀ ń lù kìkì, kì í sùn mọ́, ó ní iṣẹ́ ọ̀gá ò tíì tán."

"Iṣẹ́ ìjọba ni, sà."

"Tó bá kú ńkọ́? Ẹ ó ti fi àga rẹ̀ fún ẹlòmíì kí a tó jẹ ìrẹsì ìsìnkú tán. Tí kò bá tẹ̀ lé mi, mi ò dìde."

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí hanrun. Ìhanrun ọ̀hún mi gíláàsì fèrèsé, àwọn ará Ìjù, ìlú tó wà lẹ́yìn Àkúrẹ́ lọ́hùn-ún, sì ń sáré kó aṣọ wọlé pé òjò ń bọ̀.

"Màdáámú Fẹ̀yìntọlá," ni ọ̀gá ké, "ẹ máa lọ sílé! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú bàbá yín dání!"

Ilé ìwòsàn ni bàbá mú un gbà. Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó tún un wọ̀n, ó sáré pe dókítà. Dókítà ní ká ní ó tún tẹra mọ́ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ díẹ̀ sí i, àfàìmọ̀ kí rọpárọsẹ̀ má gbé e dè. Fẹ̀yìntọlá yíjú sí bàbá rẹ̀. Bàbá ní: "Ṣé o rí i pé kì í ṣe ọ̀lẹ ni mí?"

Ojú òun alára ti rí i rí. Orí pákó ilé kan ní Yábàá, l'Óǹdó, ló ti dákú nígbà tó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Láti ọjọ́ náà, bí oòrùn bá ti dé àtàrí, Jethro ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sùn nìyẹn. Adébùsóyè tó ni ilé pariwo títí, ó ń pè é ní ọ̀lẹ.

"Jethro, simẹ́ǹtì tí o pò ń gan lọ o!"

"Simẹ́ǹtì tó bá gan, ẹ ó ra òmíràn. Jethro tó bá gan ńkọ́?"

Ilé náà pẹ́ kó tó parí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ògiri tó sán nínú rẹ̀ títí dòní, àfi èyí tí Jethro sùn tì.

Lẹ́yìn ọ̀ràn sẹkitéríàtì, ọ̀sán kan kò gbọdọ̀ kọjá kó má pe ọmọ rẹ̀ láti Oǹdó.

"Fẹ̀yìntọlá, ṣé ò ń sinmi?"

"Mo ti dùbúlẹ̀ pàápàá, Bàbá mi."

"Irọ́! Mò ń gbọ́ tí o ń tẹ kọ̀ǹpútà. Hanrun kí n gbọ́!"

Màdáámú ńlá á gbórí lé tábìlì, á máa hanrun sínú fóònù, àwọn akọ̀wé á máa fọwọ́ bo ẹnu. Ohun tó ń bí i nínú jù ni pé oorun ọ̀hún sábà máa ń gbé e lọ lóòótọ́.

Bàbá Jethro jẹun ọ̀sán tán lọ́jọ́ kan, ó wọ yàrá rẹ̀ l'Óǹdó lọ sùn, ó sì gba ojú oorun lọ bẹ́ẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́, láìjẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé.

Ìgbà tí Fẹ̀yìntọlá tún dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì tuntun kan ló wé aṣọ mọ́ ọn lápá. Ó wo ẹ̀rọ, ó rẹ́rìn-ín.

"Màdáámú, ẹ̀jẹ̀ ríru yín ti wálẹ̀ dáadáa. Ta ló ń fipá mú yín sinmi?"

"Bàbá mi ni."

"Irú wọn ò wọ́pọ̀. Ẹ bá mi kí wọn o."

Fẹ̀yìntọlá rẹ́rìn-ín, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Màá kí wọn," ó ní, "tí wọ́n bá jí."