Ṣọ́ọ̀kì Lára Aṣọ Dúdú

Orogún ni mo máa ń pe ẹ̀rọ géèmù ọkọ mi. Bí ọkọ mi bá ti ibi iṣẹ́ dé láti Adó, tí iná bá wà, kó tó bọ́ bàtà ni yóò ti máa wá wáyà rẹ̀ kiri. Mo máa ń sọ fún un pé, "Ẹ kú oríire o, ẹ ti rí ìyàwó tí kì í béèrè owó ọbẹ̀." Yóò rẹ́rìn-ín, yóò fẹnu fẹ́ eruku inú kásẹ́ẹ̀tì, fùù, fùù, yóò sì tì í bọ ẹnu ẹ̀rọ. Àbúrò bàbá rẹ̀ ló gbé e wá fún un láti òkè òkun nígbà tó ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Nígbà tí wọ́n máa fi dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, tí wọ́n kó òun àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò ní Àkúrẹ́ wá sí Adó, ẹ̀rọ ọ̀hún ti darúgbó. Àwọn ọmọ olówó ti ń gbá èyí tó ń lo àwo pẹlẹbẹ. Ọkọ mi ní òun ò fẹ́ ẹ, ó ní ojú lásán lèyíinì ń tàn jẹ.

Kì í sì í ṣe òun nìkan lorí rẹ̀ dàrú. Ní gbogbo Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù, tí a bá ti gbálẹ̀ àdúgbò tán, àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n yóò gbé ẹ̀rọ arúgbó wọn sínú àpò láti Ìsẹ̀, láti Emùré, wọn yóò kóra jọ sí pálọ̀ ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan tó ń tún rédíò ṣe níbí ní Ìkẹ́rẹ́. Tíṣà wà níbẹ̀, fọganáísà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àgbẹ̀ kòkó kan tí ọmọ rẹ̀ ti ń lọ sí yunifásítì. Wọn á tú ẹ̀rọ palẹ̀, wọn á pààrọ̀ kásẹ́ẹ̀tì, wọn á bú ara wọn bí ọmọ kékeré.

Ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn kì í rántí nǹkan kan. Bí iná bá ti lọ, gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ti wọmi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé pátákó dúdú kan kọ́ sára ògiri, tí wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ ẹni tó bá ní máàkì tó pọ̀ jù síbẹ̀, pẹ̀lú máàkì rẹ̀. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ nígbà kan lórí ẹni tó pa orúkọ ẹnìkejì rẹ́, ni ọkọ mi bá ṣòfin: ẹni tó bá borí ni kó fọwọ́ ara rẹ̀ nu orúkọ ẹni tí òun borí, lójú gbogbo wọn. Láti ọjọ́ náà, orúkọ tirẹ̀ ló wà lókè pátákó. Kò sẹ́ni tó rí i nù.

Bẹ́ẹ̀ ló wà títí ó fi kú. Ó jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ní àyà ń dun òun, a ò sì tíì dé ọsibítù tó fi dákẹ́. Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn. Wọ́n wọ aṣọ dúdú fún mi, ìyá rẹ̀ sì kó wá sílé wa láti máa bá mi tọ́jú ọmọ. Ìyá náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí mo bá ń sunkún, yóò jókòó tì mí, yóò máa já ẹ̀fọ́.

Ní ọjọ́ kan, atúnrédíòṣe yìí wá sílé. Ó ní láti ìgbà tí ọ̀rẹ́ òun ti lọ, àwọn ò pàdé mọ́. "Ìyàwó wa, a fẹ́ fi ti oṣù yìí rántí rẹ̀ ni. Ẹ̀rọ tiẹ̀ nìkan sì lara rẹ̀ ṣì le. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá wa."

Mo ní, "Ẹ̀rọ yìí ò ní dá jáde nílé yìí. Tó bá máa lọ, èmi ni màá gbé e."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni ẹ̀rù bà mí. Opó wo ló ń lọ síbi eré nínú aṣọ ọ̀fọ̀? Ẹnu àdúgbò wa ò ní ìlẹ̀kùn. Mo wo ojú ìyá ọkọ mi. Ó ní, "Gbé e lọ. Kó o tètè dé ulé."

Ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn ni mo jókòó sí ní pálọ̀ yẹn, mo pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n so wáyà mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan pádì tí wọ́n fi ń darí géèmù. Gbogbo wọn ń wò mí. Fọganáísà ní, "Ìyàwó, ẹ bá wa ṣí i ná. Ẹ̀ẹ̀kan péré." Mo mú kásẹ́ẹ̀tì, mo fẹ́ ẹ, fùù, fùù. Bí mo ṣe gbọ́ ìró yẹn láti ẹnu ara mi, mo yára tì í bọ ẹnu ẹ̀rọ.

Géèmù ọkọ̀ kékeré tó ń yìnbọn sí àwọn kòkòrò tó ń já bọ́ láti òkè ni. Ọkọ mi ló kọ́ mi, nígbà tó rí i pé bí òun ò bá kọ́ mi, màá ju orogún náà sígbó. Mo rò pé màá kú kíákíá kí n lè padà síbi ìjókòó mi. N ò kú. Ọwọ́ mi ń dá a ṣe. "Apá òsì! Apá òsì!" "Ẹ fi í sílẹ̀, ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ló ń lò!" Fọganáísà fẹ́ẹ̀ gùn mí léjìká. Mo ní, "Ẹ kúrò lọ́rùn mi jàre! Ṣé ẹ̀yin lẹ mú pádì ni? Ẹ lọ fẹ́ táyà!" Pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín òkè eyín o, láti inú ikùn mi ló ti jáde, omi ẹ̀rín bọ́ lójú mi, mi ò rántí pé mo wọ dúdú.

Lẹ́yìn náà ni ilé pa lọ́lọ́. Mo gbójú sókè, mo rí i pé pátákó ni wọ́n ń wò. Mo wo máàkì tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n. Mo ti kọjá ọkọ mi.

Háà! Èmi tí mo sunkún títí ọ̀fun mi fi dí, èmi náà ni mò ń fi nǹkan rẹ̀ rẹ́rìn-ín, tí mo sì fi ẹ̀rín ọ̀hún gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi kan ṣoṣo láyé tó ti ṣì jẹ́ aṣáájú, èmi ló tún lé e kúrò níbẹ̀. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé pádì sílẹ̀.

Atúnrédíòṣe ní, "A ò ní nù ún. Gbogbo wa ti gbà bẹ́ẹ̀."

Mo bi í pé, "Ta ló ṣòfin?"

"Òun ni."

Nígbà kan tí mo ní kó jẹ́ kí n borí òun lẹ́ẹ̀kan, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi sùn. Ó kórìíra ìrẹ́jẹ. Mo dìde. Wọ́n ń wá nǹkan ìnupátákó, mi ò dúró, mo fi etí ìró mi nu orúkọ ọkọ mi, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Wọ́n fún mi ní ṣọ́ọ̀kì kí n kọ tèmi. Mi ò gbà á. Mo tú ẹ̀rọ mi, mo dì í, mo lọ sílé.

Ìyá ọkọ mi ń bẹ iṣu lẹ́yìnkùlé. Lójú ọ̀nà, mo ti ro irọ́ tí màá pa. Ó wo etí ìró mi, ó rí ibi tó funfun. "Kí rèé lára aṣọ rẹ?"

Irọ́ náà kò jáde. Mo ní, "Orúkọ ọmọ yín ni, Màmá."

Mo kúnlẹ̀, mo ròyìn gbogbo rẹ̀. Mo ní, "Mo rẹ́rìn-ín, Màmá. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo gbàgbé rẹ̀." Mò ń retí èébú. Àní kó gbá mi létí, ìyẹn ì bá tù mí lára. Ó ń bẹ iṣu rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

Ó ní, "Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, mo jẹ iyán. Ó dùn. Mo bu òkèlè kan, mo bu òmíràn, mo tún bu òmíràn, kí n tó rántí pé ọmọ mi ń bẹ nínú ilẹ̀. Mo bínú sí ẹnu mi."

Ó fa etí ìró mi sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wò ó títí. Ó ní, "Má tíì fọ̀ ọ́."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a gún iṣu yẹn. Iyán náà dùn. A jẹ ẹ́ tán, àwa méjèèjì ò sì wo ojú ara wa.