Ìwé Adájọ́ Tó Gba Abẹ́ Ilẹ̀kùn Wọlé

Ọdún mọ́kànlélógún ni Gàníyù Ọdẹ́dairo fi jẹ́ ààrẹ kóòtù ìbílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ẹjọ́ tọkọtaya, ẹjọ́ ààlà ilẹ̀ àti ẹjọ́ ewúrẹ́ tó jẹ oko olóko ló máa ń dá. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, Shukurat ọmọ rẹ̀ mú un wá sí University Heights ní Bronx, nílùú New York. Ó kó aṣọ wá, ó kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wá, ó sì mú òǹtẹ̀ kóòtù kan wá, èyí tí ìjọba ti fi òmíràn rọ́pò. Kò sẹ́ni tó bi í ní ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi. Ní yàrá ìfọṣọ tó wà nísàlẹ̀ ilé wọn, bí ẹnì kan bá kó aṣọ ẹlòmíràn jáde nínú ẹ̀rọ láìgbàṣẹ, Bàbá á ní kí àwọn méjèèjì jókòó, kí olùpẹ̀jọ́ kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Àwọn ará ilé ń pè é ní Adájọ́. Wọ́n rò pé àwàdà ni. Òun ò rò bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn ni Shukurat ń ṣe. Nínú òtútù ọdún yìí, Lucy ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìsinmi lọ sí Nàìjíríà, wọ́n sì ní kí Shukurat dípò rẹ̀ lọ́dọ̀ Màmá Rosaura, ará Mẹ́síkò kan tó ní àtọ̀gbẹ, tó ń gbé ní àjà kẹta ilé kan lẹ́bàá Grand Concourse pẹ̀lú Fermín ọmọ rẹ̀ àti Araceli ìyàwó ọmọ náà. Màmá ní ìwé ìgbélùú. Fermín àti Araceli ò ní. Láti ìgbà tí ìròyìn ti gbòde pé àwọn ìmígíréṣọ̀n ń kó èèyàn ní Fordham, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kò sí ará Mẹ́síkò kan lájà náà tó jáde. Ilé oúnjẹ tí Fermín ti ń fọ abọ́ ti gba ẹlòmíràn. Ẹ̀wà ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, ẹ̀wà náà ni lálẹ́.

Shukurat gba ínsúlíìnì Màmá nílé oògùn, ó fi yìnyín sí i, ó lọ kanlẹ̀kùn.

“Ta ni?” Araceli béèrè.

“Shukurat ni. Èmi ni mo dípò Lucy.”

“Lucy ò sọ fún wa.”

“Oògùn Màmá ni mo mú wá.”

“Ohun tí wọ́n máa ń sọ náà nìyẹn.”

“Ṣé kí n gbé e sílẹ̀ kí n máa lọ?”

“Wọ́n máa ń sọ ìyẹn náà.”

Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ aró tí wọ́n fún un níbi iṣẹ́ ló wọ̀, báàjì wà láyà rẹ̀. Ojú tó ń yọ́ wò ó nínú ihò ilẹ̀kùn ò fẹ́ràn jákẹ́ẹ̀tì náà. Shukurat bọ́ ọ. “Ó ti ń bọ́ṣọ,” ohùn ọkùnrin kan sọ nínú ilé, ẹ̀rù sì tún pọ̀ sí i.

Araceli ṣàlàyé pé wọ́n ti kọ́ àwọn ní ṣọ́ọ̀ṣì: wọn ò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni, àfi tí wọ́n bá ti ìwé tí adájọ́ fọwọ́ sí gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Shukurat ń gbọ́ Màmá tó ń tọrọ omi léraléra. Láti àárọ̀ àná ni kò ti gba abẹ́rẹ́. Ó pe ibi iṣẹ́, wọ́n ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláìsàn kọ̀, kó máa lọ sílé. Ó wá pe bàbá rẹ̀.

“Bàbá mi, wọ́n ní àfi ìwé tí adájọ́ bá fọwọ́ sí.”

Bàbá béèrè pé, “Adájọ́ wo?”

“Wọn ò dárúkọ ẹnì kankan.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀.”

Kò pé ogún ìṣẹ́jú tó fi dé, fìlà lórí, òǹtẹ̀ lápò. Ó fi Yorùbá kọ ọ́, nítorí òun ni èdè kóòtù rẹ̀: “Kóòtù yìí pàṣẹ pé kí ẹ ṣílẹ̀kùn fún Shukurat, kí Màmá lè gba abẹ́rẹ́ kó tó pẹ́ jù.” Ó fọwọ́ sí i, ó kọ déètì, ó tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó tì í wọlé.

Araceli ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sáwọn aládùúgbò. Obìnrin kan tí kì í pa ẹ̀kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì jẹ yẹ̀ ẹ́ wò: orúkọ wà, déètì wà, òǹtẹ̀ wà. Ní ti èdè, ó ní òun gbọ́ pé àwọn kóòtù ńlá máa ń kọ Látìnì. Ìwé gidi ni.

Ilẹ̀kùn ṣí. Fermín dúró níbẹ̀, jákẹ́ẹ̀tì méjì lọ́rùn, báàgì léjìká, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú kí wọ́n lè dè é. Ilẹ̀kùn méjì mìíràn náà ṣí. Èèyàn méje tò jáde pẹ̀lú ẹrù. Obìnrin kan gbé ìkòkò ẹ̀wà dání. Ó ní òun ò mọ̀ bóyá wọ́n ń dáná níbi tí wọ́n ń kó àwọn lọ.

Shukurat gba ẹ̀gbẹ́ Fermín wọlé. Ó kó oògùn náà fún Araceli, ẹni tó gún abẹ́rẹ́ náà fún Màmá. Màmá fúnra rẹ̀ ló ká aṣọ sókè.

Lọ́dẹ̀dẹ̀, Bàbá ń wo àwọn èèyàn tó tò síwájú rẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, ọdún mẹ́rin ni ọkùnrin kan lò kó tó dá ewúrẹ́ tí kóòtù ní kó dá padà. Kò sẹ́ni tó gbọ́ràn sí i lẹ́nu báyìí rí. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà ojú tì í.

“Ẹ padà sílé yín,” ó wí. Shukurat sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, Araceli sọ ọ́ ní tiwọn. Kò sẹ́ni tó mira.

Ló bá tún kọ ìwé: “Kóòtù dá gbogbo yín sílẹ̀.” Ó tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún Fermín, ó wo iwájú ìwé náà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

“Ọjọ́ wo ni ká padà wá?”

“Kò sí ọjọ́ kankan. Ẹjọ́ ti parí.”

Fermín mi orí. Ó ní láti ọdún mọ́kànlá tóun ti wà ní orílẹ̀-èdè yìí, òun ò rí ìwé tí kò ní ọjọ́ ìpadàbọ̀ rí. Kí Bàbá jọ̀ọ́ má tan àwọn.

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Oògùn yẹn, ọjọ́ mélòó ló máa gbé e?”

“Méjìdínlọ́gbọ̀n, Bàbá.”

Ó kọ ọ́ pé ẹjọ́ di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n sí òní, àti pé títí dìgbà náà, kí wọ́n máa ṣílẹ̀kùn fún Shukurat lójoojúmọ́. Fermín rí déètì náà, ó mí kanlẹ̀, ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì kan. Àwọn yòókù ya fọ́tò ìwé náà, wọ́n kó ẹrù wọn wọlé padà.

“Bàbá, ẹ ti sọ ara yín di ìjọba Amẹ́ríkà,” Shukurat wí bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

“Mo sún ẹjọ́ ni.”

“Tọ́jọ́ bá wá pé ńkọ́?”

“Oògùn Màmá á ti tán nìyẹn. Màá tún sún un.”