Ọkọ̀ Agbedeméjì Tí Mo Fi Lọ Gbéyàwó

Òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín àti èéfín dísẹ̀lì ni mo fi ń rántí ibùdókọ̀ Bouaké láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń lọ gbéyàwó. Àwọn obìnrin Baoulé ti da epo pupa sínú agbada, àwọn tó ń ta àtíkẹ́, oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, ti ń wé tiwọn sínú ewé, àwọn tó ń pe èrò sì ń pariwo Abidjan, Abidjan, bí ẹni pé ẹnì kan nínú wa kò mọ ibi tó ń lọ. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn méjèèjì yẹn pọ̀, orí mi á kọ́kọ́ gbóná ná. Ó sì tó kó gbóná. Jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí fún ọ.

Ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti wá gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Koko, àdúgbò wa ní Bouaké, fún ìgbà díẹ̀, ó ń bá a ta aṣọ, ibẹ̀ la ti mọ ara wa kí wọ́n tó pè é padà sílé. Bàbá rẹ̀ kò kọ̀ mí, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ kan wà lọ́kàn bàbá náà. Wọ́n ti so yìgì ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin yìí fún ọkùnrin kan tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Bouaké. Ọkùnrin náà kò wá fúnra rẹ̀, aṣojú ló rán, bí ẹ̀sìn ṣe gbà á láyè. Aṣojú jókòó, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n jẹun, wọ́n túká, ìyàwó sì jókòó sílé bàbá rẹ̀ títí ó fi sú u. Ọkọ kò ránṣẹ́ pè é, kò sì kọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí bàbá náà fi ránṣẹ́ sí mi pé: “Mi ò fẹ́ aṣojú. Bí mi ò bá fojú ara mi rí ọ láàárọ̀ Sátidé tí a dá, kò sí yìgì.” Kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbà tí nǹkan sì le ni. Wọ́n ti gé iye owó sẹ́fà tí à ń ná níbẹ̀ sí ìdajì, ọjà kò tà mọ́, àwọn olóṣèlú sì ti rí ọ̀rọ̀ tuntun tí wọ́n fi ń ya ọmọ onílẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àlejò. Àwa Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Anago, tí wọ́n bí wa síbẹ̀, tí a lọ sílé ẹ̀kọ́ wọn, lójijì la di ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Awakọ̀ wa àtijọ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ń kó wa lọ sílé láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré, ti gbé ọkọ̀ rẹ̀ sórí búlọ́ọ̀kù. Ó ní páàtì ọkọ̀ ti wọ́n ju èrè lọ, àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà kò sì yéé lanu fún rìbá. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ tuntun kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, kò sì sí ẹni tó tíì wọ tiwọn nínú wa.

Oríṣi mẹ́ta ni ọkọ̀ wọn. Káà wà, bọ́ọ̀sì gàgàrà tó ní tẹlifísọ̀n lókè orí awakọ̀, tó sì ń fẹ́ atẹ́gùn tútù. Gbáka wà, kékeré tí èèyàn ti ń fi orúnkún kan àgbọ̀n. Másà wá wà láàárín méjèèjì. Ni gbogbo Koko bá di agbani-nímọ̀ràn. Ẹni tí kò tíì kọjá Brobo tó wà nítòsí wa rí ń sọ fún mi bí káà ṣe ń dùn ún wọ̀. Ìyá mi pàápàá, káà ló fẹ́, ó ní òun ti dàgbà ju ẹni tó ń ká ẹsẹ̀ kò.

Mo ní rárá. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹni tó bá fẹ́ dán ilé-iṣẹ́ tuntun wò kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó tóbi jù. Bí ó bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí òmíràn tó máa gba gbogbo èrò? Èrò tó pọ̀ tó yẹn, bí wọ́n bá ní kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ kí kálukú mú káàtì ìgbélùú rẹ̀ jáde, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wọn lórí. Gbáka ẹ̀wẹ̀, a ò ní pọ̀ tó ẹni tí awakọ̀ á gbọ́ràn sí lẹ́nu. Másà nìkan ni a ó ti pọ̀ níwọ̀n, tí a ó sì tètè kọjá. Ilé òògùn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, mo ti mọ̀ pé èyí tó pọ̀ jù àti èyí tó kéré jù, ọ̀kan náà ni wọ́n lára aláìsàn. Bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí, mi ò tíì rí ẹni tó lè fi ibi tí àlàyé yẹn ti wọ́ hàn mí.

Ohun tí mi ò fi sínú ìṣirò ni ìyá mi. Ìwọ náà mọ bó ṣe ń rí ní Koko: ẹnì kan kì í dá lọ sílé. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé o ń lọ, ẹrù á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, olúkúlùkù pẹ̀lú ohun tó fẹ́ fi rán ọ sí ìyá rẹ̀, sí àǹtí rẹ̀, sí ọmọ tó fi sílẹ̀ nílé. Abọ́ tánganran, ọṣẹ, òrí, àǹkárá tí wọ́n fi okùn dì mọ́ra, òògùn ẹsẹ̀ dídùn, àti iṣẹ́ ẹnu tó máa bá ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ. O ò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́. Ẹni tó bá kọ ẹrù ìyá ẹlòmíì, bí ẹni pé ó ní ìyá yẹn kò tó nǹkan ni. Láti ìgbà tí awakọ̀ wa sì ti gbé ọkọ̀ sílẹ̀ ni ẹrù ti ń dúró nínú yàrá àwọn èèyàn. Tiwa ni ọ̀nà tí wọ́n rí, gbogbo rẹ̀ sì wọlé wá.

Mo ní, “Màmá, ìgbéyàwó là ń lọ o, a ò lọ ṣòwò.”

Ó ní, “Ta ni kí n dá tiẹ̀ padà fún nínú wọn? Dárúkọ ẹ̀.”

Àwọn obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ tó kù tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ pẹ̀lú wa, bí ìyá mi náà ni wọ́n ṣe kó tiwọn dé. Nígbà tí wọ́n fi máa di ẹrù orí ọkọ̀ tán, másà tí mo yàn nítorí pé ó fúyẹ́ ti jókòó sórí táyà bí ẹni tó jẹ iyán yó. Awakọ̀, ọkùnrin Dioula kan báyìí, yí ọkọ̀ ká, ó gbójú sókè, ó ní, “Anago, ṣé ẹ fẹ́ kó Bouaké lọ ni?” Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín rárá.

A ò tíì jìnnà nígbà tí jàndáàmù àkọ́kọ́, ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ọ̀nà, dá wa dúró. Ọmọkùnrin tí mo jù lọ́jọ́ orí ni. Ó ní kí n mú káàtì wá. Mo fi Faransé tó dán ju tiẹ̀ lọ sọ fún un pé Bouaké ni wọ́n bí mi, pé inú ilẹ̀ Bouaké la sin bàbá mi sí. Ó ní, “Mi ò bi ọ́ níbi tí wọ́n bí ọ sí. Káàtì dà?” Mo mú un jáde, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn, kò rí nǹkan kan bá a wí. Ló bá gbójú sókè rí ẹrù. Wọ́n tú u, wọ́n tún un dì. Bó ṣe rí níbẹ̀ náà ló rí níbòmíràn, ìbáà ṣe ní Yamoussoukro, ìbáà ṣe nígbà tí ó kù díẹ̀ ká wọ ilẹ̀ Ghana. Bí wọ́n bá ti rí òkè ẹrù yẹn, wọ́n á pa bisikíìtì tí wọ́n ń jẹ tì, wọ́n á dìde. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun.

Ibi tí a ti ń di ẹrù lẹ́ẹ̀kan ni káà ilé-iṣẹ́ kan náà ti kọjá lára wa. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò wàràwàrà, wọ́n ní kó máa lọ, àwọn èrò inú rẹ̀ sùn, wọ́n la ẹnu sílẹ̀ nínú atẹ́gùn tútù. Ìyá mi tẹjú mọ́ ọn títí ó fi ṣẹ́ kọ́nà. Ó ní, “Káà tí o ní ilẹ̀ máa ṣú mọ́ lórí nìyẹn, àbí òmíràn ni?” Ṣé kí n sọ fún un pé kì í ṣe ọkọ̀ ló jẹ̀bi, ẹrù ni? Ó mọ̀. Ó kàn fẹ́ fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni.

Ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí a ti kúrò ní Kútọ́nu, tí a ń retí ẹnubodè Sèmè, irin tó gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ dúró ṣẹ́. Awakọ̀ yọjú wò ó lábẹ́, ó mi orí, ó ní àfi kí wọ́n wá òmíràn wá láti ìlú. Oòrùn ti wà lókè orí. Ọ̀la ni Sátidé. Àwọn obìnrin sọ ẹrù kalẹ̀ sétí títì, wọ́n jókòó lé e, ọ̀kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹ̀pà. Mo dúró síbẹ̀, mò ń wo ọ̀nà, mò ń wo ìyá mi.

Ó ní, “Máa lọ.”

“Kí n fi yín sílẹ̀ sétí títì?”

“Ṣé èmi ni mo fẹ́ gbéyàwó ni? Bàbá yẹn ní òun fẹ́ rí ojú rẹ. Gbé ojú rẹ lọ fún un. Èmi ò lè fi ẹrù ẹlẹ́rù sílẹ̀.”

Mo lọ. Ọ̀kadà ni mo gùn dé ẹnubodè, mo wọ ọkọ̀ dé Ìbàdàn, mo sùn nílé ọ̀rẹ́ bàbá mi kan, nígbà tí oòrùn Sátidé sì máa fi yọ dáadáa, mo ti wà nílé bàbá ìyàwó ní Ògbómọ̀ṣọ́, pẹ̀lú agbádá tó ti rún bí ewé gbígbẹ. Wọ́n ti na tapólì. Àbúrò bàbá mi tó ń gbé nílé ti dé pẹ̀lú obì àti ẹbí wa. Àlùfáà ti jókòó. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú bàbá náà, ọkàn mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Bouaké. Mo wá fúnra mi, mo sì tètè dé. Kí ló tún kù?

Ó ní, “O káre.” Ó wo ẹ̀yìn mi. “Ìyá rẹ dà?”

Mo ṣàlàyé. Mo sọ̀rọ̀ irin tó ṣẹ́, mo sọ̀rọ̀ ẹrù, mo ní ìyá mi fúnra rẹ̀ ló lé mi wá.

“Ìwọ nìkan lo wá láti Bouaké?”

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní ẹ fẹ́ fojú ara yín rí mi.”

“Mo ti rí ọ. Mo ní kó o wá, mi ò ní kó o dá wá. Ta ni mo fẹ́ fa ọmọ mi lé lọ́wọ́? Ìwọ lo máa ṣe ìyá-ọkọ ẹ̀?” Ó yíjú sí àlùfáà. “Àfáà, ẹ ṣe sùúrù. A ó dúró de ìyá ẹ̀.”

Mo wo àbúrò bàbá mi pé kó gbà mí, ó ń mi orí bí ẹni tó gbọ́ wáàsí tó dùn. Èmi tí mi ò jẹun, tí mi ò sinmi lọ́nà, nítorí kí bàbá yìí lè fojú rí mi! Mo wọ ẹ̀yìnkùlé lọ bọ́jú, ìyàwó mi yọjú lójú fèrèsé. Dípò kó kí mi kú ewu, ohun tó wí ni pé, “Kí ló dé tó o fi Ìyá sílẹ̀?” Mo ní Ìyá ló ní kí n máa lọ. Ó ní, “Wọ́n á wí bẹ́ẹ̀ náà. Kò yẹ kó o gbọ́.” Wo irú ọ̀rọ̀ yẹn, ìwọ náà. Àní kí n wá máa kọ etí ikún sí ìyá mi kí n lè di ọmọ tó gbọ́ràn.

Ọ̀sán pọ́n. Jọ̀lọ́ọ̀fù tutù. Ẹnì kan kò dìde lọ, àlùfáà pàápàá tó ní yìgì mìíràn láti so rán ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀. Wọ́n ti kírun àlàásárì tán nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ru àpò sìmẹ́ǹtì yà wọlé. Orí àpò ni ìyá mi jókòó sí pẹ̀lú àwọn obìnrin tó kù, eruku funfun bò wọ́n, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì di ẹrù àwọn èèyàn mú. Kò sí èyí tó sọnù níbẹ̀. Mo di ọwọ́ ìyá mi mú kó lè sọ̀kalẹ̀.

Ó rọra bi mí pé, “Ṣé wọ́n ti so ó?”

Mo ní, “Wọ́n ní àfi kẹ́ ẹ dé.”

Ó gbé ọwọ́ lé ara ọkọ̀, ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi etí gèlè nu ojú. Obìnrin tí kò sunkún níbi tí wọ́n ti ń da ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, tí kò sunkún létí títì, ibẹ̀ ló ti sunkún. Bàbá ìyàwó jáde wá bá a, ó ṣí fìlà, ó ní, “Ìyá ọkọ, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ̀yin là ń dúró dè.”

Wọ́n so yìgì kí oòrùn tó wọ̀. Ó ti pẹ́ báyìí, àwọn ọmọ wa ti ń bá wa jiyàn, bí ẹnikẹ́ni bá sì bi mí, másà ni mo ṣì máa ní kó wọ̀, kó kàn má mú ìyá mi dání. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mi ò sọ fún ìyàwó mi rí. Láti Bouaké dé Sèmè, gbogbo ẹni tó dá mi dúró, ìwé mi ni wọ́n ń bèèrè. Mo ti ń fi í hàn títí n kò fi mọ̀ pé ẹnì kan tún lè bi mí ní ohun mìíràn. Bàbá yẹn, tó múnú bí mi ju gbogbo wọn lọ, òun nìkan ló bi mí pé ìyá mi dà. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo ti délé.