Bí Oòrùn Bá Dé

Àbúrò mi ni Taya. Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ aṣọ rírán, ó sì ń gbé lápá gúúsù, níbi tí èso àjàrà ti ń so lẹ́yìn ilé rẹ̀. Èmi Rimma ò kúrò níbí, ní àríwá pátápátá, rí. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ni mò ń dúró ṣe nínú òtútù yìí. Ìlú mi ni. Èwo ni tiyín níbẹ̀? Ọmọ awakùsà ni wá, abẹ́ òkè tí bàbá wa ti ń gbẹ́ òkúta náà ni wọ́n bí wa sí, ó sì tó mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ níbí, kẹ́ ẹ tó dá mi lẹ́bi. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, oòrùn kì í yọ nílùú wa. Tó bá lọ báyìí, ó di ìparí oṣù Kìn-ín-ní kó tó yọrí lẹ́yìn òkè. Láàárín ìgbà yẹn, ohunkóhun tí èèyàn ò bá fẹ́ ṣe, á ní òun á ṣe é bí oòrùn bá dé. Ilẹ̀kùn wa ń ké, bàbá ní àwọn á tún un ṣe bí oòrùn bá dé. Ọkùnrin kan ládùúgbò wa fẹ́ ìyàwó lẹ́nu fún ọdún mẹ́rin gbáko. Ó ní bí oòrùn bá dé ni ìgbéyàwó. Gbogbo àgbà ló mọ ìtumọ̀ rẹ̀: fi mí sílẹ̀, jẹ́ n sinmi. Ọmọ ọdún márùn-ún ò mọ̀.

Lọ́dún 1961, nínú oṣù Kẹwàá, wọ́n gbé màmá wa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Leningrad nítorí ẹ̀dọ̀fóró wọn. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejìlá, wáyà dé láti ilé ìwòsàn náà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, Taya jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, mò ń bó ọ̀dùnkún lọ́wọ́. Bàbá ka wáyà náà, wọ́n tún un kà, wọ́n wá jókòó sórí àpótí igi ìdáná tàwọn ti fìlà iṣẹ́ lórí. Màmá àgbà, ìyá bàbá wa, dìde, wọ́n fi aṣọ bo dígí ara ògiri bí a ti ń ṣe nílé tí wọ́n bá kú sí. Mo bá ọ̀dùnkún mi lọ. Mo bó o tán, mo tún bó èyí tí a ò ní sè lọ́jọ́ yẹn. N ò sunkún. Ara mi kú tipiri, bí apá téèyàn sùn lé.

Màmá àgbà fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Rimma, gbọ́ o. Taya ò gbọ́dọ̀ gbọ́ sí i. Dókítà ní egungun ọmọ yẹn rọ̀ bí àbẹ́là, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà lo ń wò tó tẹ̀ yẹn. Tó bá gbọ́ báyìí, á dùbúlẹ̀, kò ní dìde mọ́. Ẹ jẹ́ kí òkùnkùn yìí kọjá ná."

"Tó bá wá bi mí ńkọ́?"

"Ṣé o ò lẹ́nu ni? Dá a lóhùn."

Bí wọ́n ṣe gbé ẹrù àgbà lé ọmọdé lórí nìyẹn. Inú ṣì ń bí mi sí i dòní, ká má purọ́.

Èmi àti Taya la jọ ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan. "Rimma, kí ló dé tẹ́ ẹ faṣọ bo dígí?" Ó sán ni. "Màmá dà?" Wọ́n wà ní Leningrad. "Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀?" Lórí bẹ́ẹ̀dì, nídìí oúnjẹ, nígbà tí mo bá ń fi bàtà onírun sí i lẹ́sẹ̀, ìbéèrè kan náà ni. Lọ́jọ́ kan, ó sú mi. Mo jágbe mọ́ ọn: "Bí oòrùn bá dé! Ó tó bẹ́ẹ̀, jọ̀ọ́!"

N ò gbọ́ ìbéèrè yẹn mọ́. Mo rò pé mo ti bọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni dókítà ní kí wọ́n máa gbé Taya síwájú àtùpà oòrùn ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé, ìgbà mẹ́wàá, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi ni mò ń fà á lọ lórí pákó tí a ń fà nínú yìnyín tí mo bá ti ilé ìwé dé. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, Klavdia Yegorovna, sanra, ohùn wọn ń dún bíi fèrè ọkọ̀ ojú irin. A ò tíì wọlé tán tí wọ́n fi ń pariwo:

"Ẹ bọ́ṣọ, ẹ bọ́ṣọ! Oòrùn ti dé, ẹ̀yin ló ń dúró dè!"

Bí gbogbo wọn ṣe ń pe àtùpà náà níbẹ̀ nìyẹn. Oòrùn ni.

Èmi náà ti dúró níwájú rẹ̀ rí, mo mọ̀ ọ́n. Ó wà lórí irin láàárín yàrá, wọ́n fi ẹfun fa òbíríkítí yí i ká sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ṣòkòtò péńpé nìkan la máa ń wọ̀, a ó dúró lórí ìlà ẹfun, a ó gbé awò dúdú sójú, rọ́bà rẹ̀ á máa fa irun etí èèyàn. Tí wọ́n bá tàn án, á kùn, iná funfun á bọ́ sí wa láyà. Oòrùn tiwa ní òórùn, bí ìgbà tí àrá ṣẹ̀ṣẹ̀ sán tán. Tó bá ti tó àkókò, Klavdia Yegorovna á pàtẹ́wọ́: "Ẹ yí ẹ̀yìn! Búrẹ́dì tó jinná lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ta ló fẹ́ jẹ ẹ́?" Gbogbo ọmọ á yí lẹ́ẹ̀kan náà. Tá a bá ń jáde, ṣíbí epo ẹja kan, búrẹ́dì dúdú tí wọ́n wọ́n iyọ̀ sí, ó parí. N ò gbádùn rẹ̀, n ò sì kórìíra rẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Taya wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì nọ́ọ̀sì. Ó fọwọ́ gbá àwọn kóòtù ara ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí lò ń wá?"

"Kò sí nǹkan."

Nígbà tá a ń lọ sílé ní ọjọ́ kẹta, ó ní, "Rimma, awò yẹn mú gbogbo nǹkan ṣókùnkùn. Èèyàn ò lè dá ẹnikẹ́ni mọ̀ nínú ẹ̀."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Di okùn yẹn mú dáadáa."

Ká ní mo lọ́gbọ́n lórí ni, ǹ bá ti mọ̀ níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta yàrá pẹ̀lú kóòtù Taya lórí itan. Bí a ṣe wá gbọ́ lẹ́yìn náà, nínú yàrá, Klavdia Yegorovna kẹ̀yìn sí àwọn ọmọ, wọ́n ń kọ orúkọ ọmọ tuntun kan sínú ìwé. Taya bọ́ awò rẹ̀, ó la ojú rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, ó tẹjú mọ́ iná náà títí wọ́n fi pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó rí i. Ó jẹ búrẹ́dì rẹ̀, a lọ sílé.

Ìrọ̀lẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í ké. "Iyanrìn ti wọ̀ mí lójú! Ẹ bá mi yọ ọ́!" Ìpéǹpéjú rẹ̀ wú, omi ń dà lójú rẹ̀ wàrà wàrà. Màmá àgbà fi ewé tíì tútù sínú aṣọ, wọ́n gbé e lé e lójú. Bàbá sáré lọ pe nọ́ọ̀sì. Klavdia Yegorovna dé, épúrọ́ọ̀nù ṣì wà lábẹ́ kóòtù wọn, ohùn fèrè yẹn ti lọ pátá.

"Kò ní fọ́jú," ni wọ́n sọ lẹ́yìn tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. "Á dùn ún fún ọjọ́ mẹ́ta, á sì lọ. Taya, ọmọ mi, ṣèbí mo sọ fún yín pé ẹ má bọ́ ọ. Kí ló dé tó o bọ́ ọ?"

"Mò ń wá màmá mi ni."

"Níbo?"

"Nínú oòrùn. Rimma ní bí oòrùn bá dé, wọ́n á dé."

Gbogbo wọn wò mí. Klavdia Yegorovna gbójú sókè, wọ́n rí dígí tí a faṣọ bò. Wọ́n ká ìborùn wọn, wọ́n tún un tú.

Bàbá ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un?"

"Èmi ni."

Mo dúró de ìgbátí. Mo tiẹ̀ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kalẹ̀ dè é, torí ó wù mí kí nǹkan kan dùn mí. Bàbá kàn jáde lọ gé igi ni.

Ẹ ò ní gbà pé kò sẹ́ni tó sọ òótọ́ fún ọmọ náà síbẹ̀. Màmá àgbà ní, "Ojú rẹ̀ ò tíì san. Bí oòrùn bá dé, a ó sọ fún un." Àwọn àgbà! Nígbà tó pé ogójì ọjọ́ tí màmá kú, wọ́n ṣí dígí. Taya lọ síwájú rẹ̀, ó fọwọ́ tọ́ ọ látòkè délẹ̀.

"Kò sán," ló sọ.

Lọ́jọ́ tí oòrùn máa yọ, gbogbo ìlú gun òkè lọ pàdé rẹ̀ bí a ti ń ṣe lọ́dọọdún. Àwọn obìnrin gbé àkàrà ìyẹ̀fun pẹlẹbẹ tó rí roboto lọ́wọ́ nínú aṣọ kó má baà tutù. Bàbá gbé Taya kọ́rùn. Klavdia Yegorovna ti yá a ní awò dúdú kan láti ilé ìwòsàn kí ìmọ́lẹ̀ má baà ta ojú rẹ̀, wọ́n ní ká má sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn náà wà níbẹ̀ láàárín èrò. Lójijì, àwọn èèyàn hó yèè. Etí oòrùn ti yọ lẹ́yìn òkè, pupa, kò tó àtàǹpàkò. Òtútù ń mú Klavdia Yegorovna, wọ́n bá pàtẹ́wọ́ kí ara wọn lè móoru.

Ni gbogbo ọmọ tó ti dúró lórí ìlà ẹfun rí bá yí ẹ̀yìn sí oòrùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìlú rẹ́rìn-ín, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ yí lulẹ̀ nínú yìnyín. "Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ yín, Klavdia Yegorovna! Ẹ ti ba àwọn ọmọ wa jẹ́!" Èmi náà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ wáyà. Taya ti yọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ́rùn bàbá, ó ti yí bíi tiwọn, ojú mi ló kọ sí. Kò rẹ́rìn-ín.

"Rimma, bá mi wò ó. Ṣé òun nìkan ló dé?"

Mo wò ó. Mo wò ó pẹ́ bí ẹni pé mò ń wá èèyàn lóòótọ́.

"Òun nìkan ni."

"Ó dáa," ló sọ. Ó ní kí n fún òun lákàrà.

Wọn ò sọ fún un lẹ́yìn náà mọ́, òun náà ò sì bi wá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tọ́. Ó kọ́ṣẹ́, ó lọ́kọ, ó bímọ méjì, ó kó lọ síbi tí oòrùn pọ̀ dé bi pé wọ́n ń sá fún un. Àmọ́ lọ́dọọdún, lọ́jọ́ tí oòrùn wa máa ń yọ, tẹ́lẹ̀ ìwé ló máa ń kọ, nígbà tó yá ó di fóònù. Kì í kí mi. "Ṣé òun nìkan ló dé?" Màá ní, "Òun nìkan ni." Á ní, "Ó dáa," ká tó wá máa sọ̀rọ̀ ọmọ àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọgọ́ta ọdún ó lé. N ò sọ fún un rí lẹ́nu ara mi pé màmá wa kú.

Lọ́dún yìí, mo gun òkè, orúnkún mi ń bú mi. Ìkùukùu bo gbogbo ibẹ̀. A dúró, a jẹ àkàrà wa, a sọ̀ kalẹ̀. Mò ń bó ọ̀dùnkún nígbà tí fóònù dún.

"Ṣé òun nìkan ló dé?"

"Taya, òun gan-an ò dé. Ìkùukùu ni."

Àgbàlagbà tó ti ní ọmọ ọmọ, ohùn tó wá fi dá mi lóhùn kéré bí ìgbà tá a jọ ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan.

"Á jẹ́ pé ó ṣì ku kí oòrùn dé nìyẹn, àbí?"

Ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó yẹ kí n sọ fún un.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní. "Ó ṣì kù."