Ẹni Tó Ń Bọ́ Ajá Mi

Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, lọ́jọ́ kan tí a ń bẹ ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé, pé ọkùnrin kan wà ní Iyere láyé àtijọ́ tí ajá rẹ̀ rù kan egungun. Aládùúgbò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ajá náà. Ó ń fún un ní ẹja, ó ń já eégbọn ara rẹ̀, títí ara ajá fi ń dán bí ẹni fi epo pa á. Ẹni tó ni ajá ń dúpẹ́ láàárọ̀, ó ń dúpẹ́ lálẹ́. Ọjọ́ ọdún Ògún pé, ó wá ajá rẹ̀ tì. Nígbà tó fi máa dé ojúbọ, agbárí ajá ló pàdé níbẹ̀. Ìyá mi bẹ ẹ̀gẹ́ kan sí i, ó ní, "Ẹni tó bá ń bá ọ bọ́ ẹran ọ̀sìn rẹ lọ́fẹ̀ẹ́, má wo ọwọ́ tó fi ń bọ́ ọ. Ọwọ́ kejì ni kí o máa wò."

Mo rántí ìgbà tí mo ń dáko lọ́nà Elegbeka, láwọn ọdún tí àwọn sójà ń múra àtigbé ìjọba fún alágbádá, tí gbogbo ẹni tó ní rédíò di ọ̀gá òṣèlú ládùúgbò rẹ̀. Èmi ò ní rédíò. Ajá ni mo ní. Dúdú ni, àyà rẹ̀ funfun, Ojúlàńrí sì ni mo sọ ọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a ò bá lè sọ lójú aládùúgbò, ajá là ń fi í sọ lórúkọ. Ojú là ń rí, ọ̀rẹ́ ò dénú. N kò tíì mọ ẹni tí mo fẹ́ fi bú nígbà náà o; mo kàn rò pé bó pẹ́ bó yá, yóò bá ẹnìkan mu.

Ajá yìí ló dúró fún oko mi. Ọ̀yà pọ̀ níbẹ̀ bí eṣú tí wọ́n rán wá, wọ́n á jẹ ẹ̀gẹ́ láti ìdí, ewé á ṣì dúró lókè bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Ojúlàńrí nìkan ni wọ́n ń bẹ̀rù. Bí kò bá sí níbẹ̀, n kò ní í rí nǹkan kórè.

Lọ́dún kan tí òjò rọ̀ títí tí ilẹ̀ ò gbẹ, àìsàn wọ àárín àwọn ajá abúlé. Imú wọn á máa dà, wọn ò ní jẹun, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó parí. Ojúlàńrí kò tíì kó o, ṣùgbọ́n ó ti rù, eégbọn ti kún etí rẹ̀. Mo wọ mọ́tò lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko ní Ọ̀wọ̀, wọ́n ní abẹ́rẹ́ ti tán. Èyí tí wọ́n ń tà níta, ọwọ́ mi ò tó o. Mo padà sílé bí mo ṣe lọ.

Alágbẹ̀dẹ kan wà ní oríta tí a ń gbà lọ sóko. Àgbàlagbà ni, bàbá ni mò ń pè é, òun náà ló sì ń ṣáájú nínú Ògún bíbọ ládùúgbò wa. Ó rí èmi àti ajá mi tí à ń kọjá.

"Ìwọ ọmọ yìí, ajá rẹ á kú o."

"Ẹnu yín kọ́ ló máa ti jáde, Bàbá."

"Ṣé ẹnu mi ló ń pa ajá? Ara tó bá le, àìsàn á bá a jìjàkadì kó tó dá a. Èyí tó wà níwájú mi yìí, atẹ́gùn ewìrì mi lásán á gbé e ṣubú. Máa fi í sílẹ̀ níbí lọ́sàn-án."

"Èló ni kí n máa san?"

"Ta ló bèèrè owó lọ́wọ́ rẹ?"

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló bà mí lẹ́rù. Mo fi ajá sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo gba ẹ̀yìn yípo, mo sì fara pamọ́ sẹ́yìn igi obì kan láti máa wò.

Ohun tó ń ṣe kò le rárá. Orí ẹja gbígbẹ tí ìyàwó rẹ̀ ì bá dànù, á gún un kúnná kí eegun má baà há ajá lọ́fun, á pò ó mọ́ iṣu àjẹkù pẹ̀lú epo díẹ̀. Bí adìẹ bá yé sínú igbó, á se ẹyin náà fún un. Á fi omi ewúro díẹ̀ kán an lẹ́nu, ajá á fajú ro bí ẹni tí wọ́n ń bèèrè owó orí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń já eégbọn rẹ̀ sínú iná. Ó ń pààrọ̀ omi mímu rẹ̀ láràárọ̀, ó gbé e kúrò lórí ilẹ̀ tútù sórí ewé gbígbẹ, kò sì jẹ́ kó sún mọ́ ajá tó ń wúkọ́. Nígbà tí mo bi í bóyá oògùn nìyẹn, ó rẹ́rìn-ín. "Àbójútó ni. Ohun tí abẹ́rẹ́ ń ṣe, èyí ò lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ìbọn, ẹ jẹ́ kó tilẹ̀kùn rẹ̀ dáadáa."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo wà lẹ́yìn igi obì mi, mo rò pé mo ti di ẹ̀mí àìrí, ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ojúlàńrí, wá jẹun o! Ẹni tó fi orúkọ rẹ bú mi ń wò wá látẹ̀yìn igi."

Àwọn ajá ń kú, tèmi ń sanra. Irun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dán, gbígbó rẹ̀ padà sípò, ọ̀yà tún mọ̀ pé oko ní olùṣọ́. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n mo rí alágbẹ̀dẹ tó ń fọwọ́ tẹ ìhà ajá mi bí ẹni ń ná ẹran. Iṣu tuntun ti jáde, ọdún Ògún ń bọ̀. Àwọn géńdé kan kọjá, ọ̀kan pariwo pé, "Bàbá, ajá yìí mà ti tó o!" Bàbá kàn rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún ìyá mi.

"Ọwọ́ kejì ńkọ́?" ó ní.

"N kò tíì rí i."

"Ó ń bọ̀."

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Bí mo bá mú un kúrò níbẹ̀, àìsàn lè pa á. Bí mo bá fi í sílẹ̀, Ògún lè jẹ ẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, mo so ó mọ́ òpó ilé, mo lọ pọnmi. Kí n tó dé, ó ti gé okùn jẹ, ó ti lọ. Ikùn kì í gbàgbé ọ̀nà. Mo sáré dé àgbẹ̀dẹ pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Ẹ̀yìn ilé, níbi tí wọ́n ń kó èédú sí, ni mo ti bá ajá mi. Okùn tuntun wà lọ́rùn rẹ̀. Kò gbó, nítorí pé iṣu àti ẹja ló ń jẹ lọ́wọ́.

"Bàbá, kí ni okùn ń wá lọ́rùn ajá mi?"

Alágbẹ̀dẹ kò ta gìrì. "Rọra sọ̀rọ̀. Àwọn géńdé ń wá ajá kiri. Nígbà tó rù, ta ló wò ó? Èmi ni mo sọ ọ́ di àwòyanu, èmi náà ni n óò fi í pamọ́."

"Ẹ ò lè ránṣẹ́ sí mi?"

"Kí n ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ṣọ́ mi bí olè?"

Mo gé okùn, mo mú ajá mi lọ sílé. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ajá pupa kan ni wọ́n fi bọ Ògún. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ládùúgbò wa.

Ojúlàńrí darúgbó kó tó kú. Alágbẹ̀dẹ náà ti kú tipẹ́. Bó ṣe tọ́jú ajá yẹn ni mo ṣì ń tọ́jú àwọn ajá mi dòní, abẹ́rẹ́ nìkan ni mo fi kún un, ara wọn sì le. Nígbà mìíràn, bí mo bá ń gún orí ẹja lọ́wọ́, ojú á tì mí, màá ní ènìyàn rere ni mo fi ajá bú. Lẹ́yìn náà ni n óò tún rántí okùn tuntun yẹn. Ẹni tó ń fi ẹran pamọ́ á bọ́ ọ kó má baà ké. Ẹni tó fẹ́ pa á náà á bọ́ ọ kó má baà ké. Ìwọ tó ń gbọ́ mi yìí, ká ní n kò tètè ti odò dé láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí lo rò pé ọwọ́ kejì ì bá ṣe?